Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọ Onígbàgbọ́ Máa Jẹ́ Òjó?



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí a sọ ọmọ tuntun kan lórúkọ nínú ìjọ wa, bàbá ọmọ náà tẹ̀ mí láago. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ máa ń yá mọ́ni ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dé ilé. Ìyàwó mi kò tíì jẹun láti àárọ̀. Màmá mi náà sì ti di ẹrù wọn, wọ́n ní ilé ń pe àwọn lọ́la.”

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ìyá ọmọ ní yàrá, ó ń sunkún. Mo bá ìyá ọkọ ní pálọ̀, báàgì wọn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ náà ń sùn ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé nítorí òun ni ilé fi dàrú.

Kí ni ó fa ìjà? Orúkọ ni. Ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Bí orí rẹ̀ ti yọ ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí rí i pé okùn ìwọ́ ti yí ọrùn rẹ̀ ká. Kíá ni ó tú u. Ọmọ dé, ṣùgbọ́n kò ké. Gbogbo ilé ìgbẹ̀bí dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó ṣe, tí wọ́n ti nu imú àti ẹnu rẹ̀, tí wọ́n ti fi aṣọ ra á lẹ́yìn, ó ké. Ìyá ọkọ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Ẹ kú ewu o. Òjó ti dé!”

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pe ọmọ náà ní orúkọ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá ọmọ ti kọ orúkọ mẹ́ta sínú ìwé kékeré kan láti ìgbà tí oyún wà ní oṣù mẹ́rin. Jayden ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ó sọ fún mi pé, “Pásítọ̀, orúkọ àwọn ará oko ni Òjó. Ṣé Ìyá Òjó ni wọn ó máa pè mí nínú ìjọ? Yàtọ̀ sí ìyẹn, okùn tí ó fẹ́ pa ọmọ mi, ṣé òun náà ni n ó máa fi pè é títí ayé? Ṣé kì í ṣe ìdè nìyẹn, sà?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè gidi ni ìbéèrè yìí, a kò gbọdọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tọkọtaya nínú ìjọ ni irú rẹ̀ ń bá jà lónìí. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan.

Ohun tí mo ṣe ní ọdún 1996

Ní ọdún 1996, kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Iná ìhìnrere ń jó nínú mi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pè mí sí ìsọmọlórúkọ kan. Bàbá àgbà ọmọ náà kì í ṣe onígbàgbọ́, àmọ́ ó ti ń bá ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìsìn, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni ó ti wá. Nígbà tí ó kàn án láti fi owó sínú abọ́, ó fi owó síbẹ̀, ó ní, “Àjàní ni mo pe tèmi.”

Ni mo bá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ní ohun àtijọ́ ti kọjá lọ, mo ní a kò ní í mú orúkọ ayé wọ inú ilé Ọlọ́run. Bàbá náà wò mí. Kò bínú, kò pariwo. Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí, ó ní, “Ẹ ṣeun, pásítọ̀. Ọmọ yín ni.” Ó sì jáde lọ. Kò wọ ilé ìjọsìn wa mọ́ títí ó fi kú lẹ́yìn ọdún méjì.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó ṣàlàyé fún mi. Àjàní kì í ṣe orúkọ òrìṣà rárá. Oríkì ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ tí a jà kí a tó ní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ kí wọ́n tó bí ọ̀kan ṣoṣo, ọmọ kan ṣoṣo náà ni ó wá bí ọmọ tí a ń sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà. Ìdúpẹ́ ni bàbá àgbà fẹ́ ṣe. Èmi tí mo jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni mo dí i lẹ́nu, nítorí pé n kò béèrè ìtumọ̀.

Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Olúwa, mo sì ti bẹ ìdílé náà. Ṣùgbọ́n n kò lè pe bàbá náà padà láti inú ibojì. Ìdí nìyí tí n kò fi kánjú sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí.

Irú orúkọ wo ni Òjó?

Àwọn bàbá wa ní oríṣìíríṣìí orúkọ. Àbísọ wà, èyí tí a fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ipò tí ìdílé wà. Oríkì wà, èyí tí a fi ń gé ọmọ, tí orí rẹ̀ ń wú, bí Àjàní, Àkànní, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀ní. Àmútọ̀runwá sì wà, èyí tí ó ń sọ bí ọmọ ti wáyé.

Àmútọ̀runwá ni Òjó. Ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Òjó, bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Èyí tí irun orí rẹ̀ ta kókó ni Dàda. Èyí tí ó wà nínú àpò omi rẹ̀ nígbà tí ó dé ni Òkè. Ọmọ tí ó pẹ́ nínú ju àkókò lọ ni Ọmọ́pẹ́. Àwọn ìbejì ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹni tí ó tẹ̀lé wọn sì ni Ìdòwú.

Ẹ wá gbé e yẹ̀wò. Ìjọ wo ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní Táíwò àti Kẹ́hìndé? A ń gbàdúrà fún wọn, a ń ṣe ìgbéyàwó fún wọn, a tilẹ̀ ń fi wọ́n jẹ díákónì. Kò sí ẹni tí ó sọ pé orúkọ wọn jẹ́ ìdè. Bẹ́ẹ̀, láti inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni Táíwò àti Òjó ti jáde. Bí Táíwò kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, báwo ni Òjó ṣe di ẹ̀ṣẹ̀? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀mí ni ó ń dẹ́rù bà wá. Àṣà ìgbà ni. Ògbólógbòó ni Òjó, a kò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí wa bí ará oko.

Mo mọ̀ pé ní ìgbà àtijọ́, àwọn ìdílé kan máa ń ṣe ètùtù fún àwọn ọmọ tí ó wáyé báyìí. Ibẹ̀ ni ààlà wa wà. Orúkọ ni a gbà, a kò gba ètùtù. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ohun ìbọ wá nítorí ọmọ yín, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da orúkọ nù pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn “Òjó” inú Bíbélì

Mo ní kí ìyá ọmọ mú Bíbélì rẹ̀ wá. A ṣí Gẹ́nẹ́sísì 25:25-26. Ọmọ méjì ni Rebeka bí. Èkínní ní irun ní gbogbo ara, wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní Esau. Èkejì di gìgísẹ̀ arákùnrin rẹ̀ mú bí ó ti ń bọ̀, wọ́n sì pè é ní Jakọbu. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni èyí bí kò ṣe àmútọ̀runwá?”

A tún ṣí Gẹ́nẹ́sísì 38:27-30. Tamari ń rọbí ìbejì. Ọ̀kan na ọwọ́ jáde, agbẹ̀bí so òwú pupa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ náà fa ọwọ́ padà, èkejì sì já ọ̀nà fún ara rẹ̀, ó jáde. Wọ́n pè é ní Peresi, nítorí bí ó ti ya ọ̀nà jáde. Ìbí tí ó ní ìnira ni, orúkọ rẹ̀ sì sọ ọ́. Ẹ wá lọ wo Matteu 1:3. Peresi yìí wà nínú ìran Olúwa wa Jésù Kristi. Orúkọ tí ó rántí ìnira ìbí rẹ̀ kò dí i lọ́nà ìbùkún.

Mose náà ńkọ́? Ẹ́kísódù 2:10 sọ fún wa pé nítorí a fà á yọ nínú omi ni a ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Omi tí ó yẹ kí ó pa á ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ìgbà tí a bá pè é, ìgbàlà rẹ̀ ni a ń rántí.

Bíbélì kò fi orúkọ ṣeré o. Nígbà tí Rakeli ń kú lọ, ó pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ìbànújẹ́, Jakọbu sì yí i padà sí Benjamini (Gẹ́nẹ́sísì 35:18). Nítorí náà, bí orúkọ kan bá gbé èpè tàbí ìkorò lé ọmọ lórí, òbí lè yí i padà. Ṣùgbọ́n Jabesi tí ìyá rẹ̀ sọ ní orúkọ ìrora kò yí orúkọ padà. Àdúrà ni ó gbà, Ọlọ́run sì dá a lóhùn (1 Kíróníkà 4:9-10). Ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ tí ó dùn létí tí kò gbàdúrà, kí ni orúkọ náà yóò ṣe fún un?

Orúkọ tí ó mẹ́nu ba òrìṣà ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti yí Ògún, Ifá tàbí Èṣù padà sí Olú tàbí Jésù nínú orúkọ ìdílé wa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òmìnira, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ohun tí Ìwé Mímọ́ kò sọ. Apollo tí ó jẹ́ alágbára nínú Ìwé Mímọ́ (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24), orúkọ òrìṣà àwọn Gíríìkì ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Epafroditu (Fílípì 2:25) àti Herme (Róòmù 16:14). A kò kà á níbìkan pé Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n lọ pa orúkọ dà. Ìgbé ayé wọn ni ó pa dà.

Danieli ní tirẹ̀, orúkọ òrìṣà Bábílónì ni wọ́n fi pè é ní ààfin (Danieli 4:8). Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ wọn, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ sí Ọlọ́run Ísírẹ́lì.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún orúkọ tí òrìṣà wà nínú rẹ̀, mélòómélòó ni Òjó tí kò sí òrìṣà kankan nínú rẹ̀?

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́

Ta ni ó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa? Samuel Àjàyí Crowther ni. Ọmọ Ọ̀ṣoògùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní ọdún 1825, ó gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n títí di òní, Àjàyí ni ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ ọ́n. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ sí Òjó.

Ọkùnrin mìíràn tún wà tí a bí ní ọdún 1860, tí wọ́n sọ ní David Brown Vincent. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ní ọdún 1894, ó fi orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbebí. Kò fi Jésù sílẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ kí ayé mọ̀ ni pé Yorùbá lè jẹ́ Yorùbá kí ó sì jẹ́ ti Kristi.

Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá náà, tí Olúwa pè ní ọdún 1928 lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà tí ó ń ṣe, tí ìsọjí ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ ní Ilésà ní ọdún 1930, orúkọ Yorùbá rẹ̀ ni ó jẹ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959. Àwọn afọ́jú tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ bá ìgbà mu.

“Wọn ó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́”

Bàbá ọmọ náà ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé yóò pe Òjó ní ojo, wọn ó ní ẹlẹ́rù ni. Òótọ́ ni pé bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ojo lè di òjò, òjò sì lè di Òjó. Bí ó bá sì dé ìlú òyìnbó, wọn kò ní mọ èyí tí wọn ó pè.

Mo dá a lóhùn pé kò sí orúkọ tí ọmọdé kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ó mọ ìtàn orúkọ rẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ kì í ràn. Ẹ kọ́ ọ láti kékeré pé, “Òjó ni mo ń jẹ́, nítorí pé ikú fẹ́ fún mi lọ́rùn, Ọlọ́run sì tú mi sílẹ̀.” Ọmọ tí ó lè sọ èyí ní kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù nìyẹn.

Ìmọ̀ràn fún tọkọtaya

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ lélẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ.

Èkínní, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan. Sekariah àti Elisabeti sọ ohun kan náà, ariwo àwọn aládùúgbò kò sì yí wọn padà (Lúùkù 1:57-63). Ọkọ kò gbọdọ̀ fi àṣẹ ìyá rẹ̀ tẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èkejì, ẹ béèrè ìtumọ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ bi àwọn òbí yín kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé ni yóò wọ ibojì bí a kò bá béèrè.

Ẹ̀kẹta, àyè wà fún ju orúkọ kan lọ. Kò pọn dandan kí orúkọ ìyá lé ti ìyá àgbà jáde.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ẹ bá ń gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ẹ rí i pé bí a ti to àwọn orúkọ náà àti bí a ti kọ wọ́n tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí orúkọ padà lẹ́yìn ọ̀la yóò lọ búra ní kóòtù, yóò sì kéde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ fi ọgbọ́n ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a lọ́ra láti sọ̀rọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Ọkàn bàbá àgbà kan lè wà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu wa.

Bí ó ti rí ní ọjọ́ kẹjọ

N kò pàṣẹ fún wọn. Mo gbàdúrà, mo sì lọ sílé mi. Ìyá ọkọ kò lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá ọmọ ni ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a gbé omi, oyin àti iyọ̀ wá, a ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí mo béèrè orúkọ, bàbá ọmọ pe Ìyanuolúwa. Mo wo ìhà ìyá ọkọ. Wọ́n sorí kọ́, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìyá ọmọ ni ó dìde, ó fi owó sínú abọ́, ó ní:

“Pásítọ̀, mo bi yín pé ṣé okùn tí ó fẹ́ pa ọmọ mi ni n ó máa fi pè é. Mo ti rò ó. Ẹni tí ó tú okùn náà ni n ó máa rántí. Màmá, orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ni mo mú. Òjó ni.”

Ìyá àgbà náà bú sẹ́kún. Wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, gbogbo wa sì ń ṣe Àmín lé e. Lórí ìwé, Ìyanuolúwa ni ó ṣáájú, Òjó ni ó tẹ̀lé e. Nínú ilé, Òjó ni gbogbo wọn ń pè é. Jayden kò wọ inú ìwé náà mọ́, ìyá ọmọ kò sì bèèrè rẹ̀. Ìyá Òjó ni a ń pè é nínú ìjọ báyìí, ó sì ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá àgbà ti ń bá wọn wá sí ìsìn bí wọ́n bá wá kí wọn.

Mo rántí bàbá Àjàní lọ́jọ́ náà. Omi bọ́ lójú mi, àwọn ènìyàn rò pé ayọ̀ nìkan ni.

Kí Olúwa fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ ní ìbí wẹ́rẹ́. Kí ìwọ́ má ṣe di ìdè fún ọmọ yín. Orúkọ yòówù tí ẹ bá sọ wọ́n, kí a rí orúkọ wọn nínú Ìwé Ìyè. Ní orúkọ Jésù. Àmín.